Wárápá Kò Sí Nílé Wa

Ẹgbẹ́ Olórí Fífọ́ ni wọ́n ń pè wá ní Ìkàrẹ́. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́, bàbá kan tó ń tún aago ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ni, wọ́n sì rò pé àwọn ń ṣe àwàdà. Mo ní kí wọ́n tún un sọ, wọn ò lè tún un sọ mọ́. Èmi fúnra mi ni mo wá ń tún un sọ káàkiri, torí orúkọ tí ènìyàn bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀, ta ló tún fẹ́ fi bú u? Ẹ pè wá ní Olórí Fífọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Orí ń fọ́ wa, a sì ń wá ibi tí a ó ti tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀yin tí orí yín ò fọ́, ẹ kú oríire.

Iṣẹ́ wa kò ṣòroó ṣàlàyé. Àwọn kan wà tí kókó ń hù sínú ọpọlọ wọn. Kókó yìí lè máa fọ́ wọn lórí, ó lè máa gbé wọn ṣubú, ó lè fọ́ wọn lójú tàbí kó rọ wọ́n lápá. A máa ń ṣètò mọ́tò tí yóò gbé wọn dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà tó mọ̀ nípa orí, a máa ń bá wọn wá ibi tí wọn ó sùn sí ní Ìbàdàn, a máa ń jókòó tì wọ́n. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú ohun tí a dá jọ, a máa ń fi ran àwọn tó ń ṣèwádìí kókó náà lọ́wọ́, kí wọ́n lè mọ ohun tó ń fà á àti ohun tó lè pa á. Kíláàsì kan ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni a ti ń ṣèpàdé, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n kàn fún ọmọ ọdún méje. Orúnkún wa fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan àgbọ̀n wa, ṣùgbọ́n a máa ń jókòó.

Mo tètè sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé àánú ló gbé mi débẹ̀. Àwọn kan máa ń kí mi lọ́jà pé mo kú iṣẹ́ Ọlọ́run. Iṣẹ́ Ọlọ́run wo? Irọ́ ló gbé mi dé inú ẹgbẹ́ yìí, irọ́ tí mo fi ẹnu ara mi pa, tí kò sì sẹ́ni tó fi ìbọn halẹ̀ mọ́ mi kí n tó pa á.

Òwú ni mo ń tà, àti síìpù, bọ́tìnnì, abẹ́rẹ́, gbogbo ohun tí télọ̀ ń lò. Àbúrò mi tó kẹ́yìn nínú ọmọ ìyá wa ni oníbàárà mi àkọ́kọ́. Ọ̀kà ló ń gbé, aṣọ obìnrin ló ń rán, kò sì sí ẹni tó lè rán ọrùn bùbá bíi tirẹ̀ láti Ọ̀kà títí dé Ìkun. Ọkọ rẹ̀ kú kí wọ́n tó bímọ. Nígbà tí ọmọbìnrin mi parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo mú un fún àbúrò mi. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti bàlágà. Màmá Ọ̀kà ló ń pè é, ó ń pe èmi tí mo bí i ní Màmá Ìkàrẹ́, bí ẹni pé ìlú la fi pín in. Mi ò jowú. Ó tọ́ ọ dáadáa jù mí lọ, torí èmi oníbìínú ni mí.

Ọjọ́ tí àìsàn àbúrò mi bẹ̀rẹ̀, mo wà níbẹ̀. Mo gbé síìpù lọ fún un lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, a sì jọ ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń rán aṣọ lọ. Lójijì ló fi aṣọ náà sílẹ̀, aṣọ bọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dúró lórí máṣínnì. Ó ń wà á lọ ṣáá, abẹ́rẹ́ ń gun pákó, ojú rẹ̀ sì ti yí. Kí n tó pe orúkọ rẹ̀, ó ti ṣubú, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀. Àwọn oníbàárà méjì tó wà níbẹ̀ ti dé ojú títì. Ẹ mọ̀ pé wọ́n ní ẹni tí itọ́ yẹn bá kàn lára, àrùn náà á ràn án. Èmi àti ọmọ mi la dì í mú. Nígbà tó rọlẹ̀, mo jáde sí àwọn méjì tó wà ní títì, mo rẹ́rìn-ín, mo ní ààwẹ̀ ló ń gbà, ebi ló gbé e ṣubú. Wẹ́rẹ́ ni irọ́ náà bọ́ sí mi lẹ́nu. Mi ò tilẹ̀ wá a.

Ọ̀dọ̀ mi ní Ìkàrẹ́ ni ìyá wa ń gbé. Nígbà tí mo sọ fún wọn, inú bí wọn. Bí inú bá ti bí ìyá mi, Yorùbá tí gbogbo ayé ń sọ máa ń fò lọ, èdè ilé wa ló máa ń kù lẹ́nu wọn. Wọ́n ní ohun mẹ́ta ni àna máa ń wádìí kí wọ́n tó fẹ́ ọmọ ẹni: ẹ̀tẹ̀, wèrè àti wárápá. Wọ́n ní ọmọ mi ti tó lọ́kọ, àti pé ilé ìyá tó tọ́ ọ gan-an ni wọn ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Wárápá kò sí nílé wa, wọ́n ránṣẹ́ pe àbúrò mi wá, wọ́n ní kí àwa méjèèjì sọ ọ́ tẹ̀ lé àwọn, a sì sọ ọ́ bí ọmọ ilé kéwú. Ká sọ tòótọ́, mo rò pé ọgbọ́n ni wọ́n ń kọ́ wa.

Ṣùgbọ́n ará ìta ni ìyá mi ní ká má sọ ọ́ fún. Wọn ò ní ká lọ purọ́ fún dókítà. Èmi ni mo ka dókítà mọ́ ará ìta.

Orí fífọ́ ló gbé wa dé ọsibítù. Ó máa ń bá a jí láàárọ̀, ó máa ń mú un bì. Dókítà náà jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin, ó ní sùúrù. Ó bèèrè bóyá nǹkan kan máa ń gbé e tí ara rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Kí àbúrò mi tó lanu, mo ti dáhùn pé wárápá kò sí nílé wa. Ó ní òun ò bèèrè ilé wa, obìnrin tó jókòó síwájú òun yìí lòun ń bèèrè. Mo ní rárá, orí nìkan ni. Ó wá kọjú sí àbúrò mi, ó tún un bèèrè lẹ́ẹ̀kẹta. Àbúrò mi wò mí. Mo wò ó padà, ẹ sì mọ irú ojú tí ẹ̀gbọ́n fi í wo àbúrò. Ó ní rárá. Dókítà kọ oògùn ibà fún un.

Ibà la wò láti ìgbà òjò di ìgbà ọyẹ́. Lẹ́yìn ibà, wọ́n ní ojú ni, ó lọ gba awò. Awò kìíní kò ràn án, ó gba èkejì. Ní gbogbo àsìkò yẹn ó ń ṣubú, nígbà mìíràn ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ mi a sì ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀. Ojú ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ó rán apá òsì aṣọ kan mọ́ apá ọ̀tún. Ó máa ń da tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Ó ní ó dà bí ẹni tí wọ́n rọra ń fa kọ́tìnnì dí lójú. Mo gbọ́ gbogbo ìyẹn, mo sì ń sọ fún un pé kó máa lo awò rẹ̀ déédéé. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, wọ́n ní. Èmi pa làpálàpá fún ọdún kan gbáko.

Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ló já irọ́ wa. Kókó inú ọpọlọ ló pa ọkọ wọn, àwọn àti ẹni mẹ́rin tí irú rẹ̀ ti kàn nílé ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Èmi ò mọ̀ wọ́n nígbà yẹn ju ẹni tó máa ń ra òwú funfun lọ. Àbúrò mi wà ní ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ tí wọ́n wọlé. Mo bu omi fún un, ó na ọwọ́ láti gbà á, ọwọ́ rẹ̀ sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Nọ́ọ̀sì rí i. Wọn ò ra òwú mọ́. Wọ́n jókòó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè jẹ́jẹ́, orí ńkọ́, ojú ńkọ́, ṣé ó máa ń ṣubú. Mo fi ẹ̀rín oníṣòwò dá wọn lóhùn pé wárápá kò sí nílé wa.

Àbúrò mi bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé e lé orí ẹsẹ̀. "Ó ń gbé mi, mà," ó ní. "Ó ti lé lọ́dún kan. Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, inú bí mi sí i. Bí nọ́ọ̀sì ṣe jáde báyìí ni mo kọ lu àbúrò mi. Mo ní ó ti ba ti ọmọ jẹ́, mo ní ta ló pè é lẹ́jọ́. Kò bá mi jà. Ó kàn ní ojú tó ń kú yìí, òun ni wọ́n dá a fún, kì í ṣe ọmọ, kì í sì í ṣe èmi. Mo jáde, mo lọ bá nọ́ọ̀sì.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹgbẹ́ ti ṣètò, a ti wà ní Ìbàdàn. Wọ́n ya àwòrán inú orí rẹ̀. Dókítà fi hàn wá: kókó náà tó ẹyin adìẹ, ó jókòó sẹ́yìn ojú, ó ń tẹ iṣan tí ojú fi ń ríran mọ́lẹ̀. Ojú ọ̀tún ti lọ, kò ní padà. Òsì ṣì kù, ṣùgbọ́n kókó náà ti ń ti ọwọ́ bọ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá tètè yọ ọ́, ojú òsì lè yè. Mo bèèrè pé tí a bá tètè wá ńkọ́, nígbà tí ìṣubú náà bẹ̀rẹ̀. Ó wò mí, ó ní ohun tó wà nílẹ̀ báyìí ni ká jọ wò. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ó fún wa ní ọjọ́ Tuesday kan tí wọn ó là á, ó sì kìlọ̀ pé tí a bá pàdánù ọjọ́ yẹn, òun ò lè sọ ìgbà tí bẹ́ẹ̀dì mìíràn á ṣí sílẹ̀.

A délé, ẹjọ́ ti ń dúró dè wá. Ìdílé kan láti Ṣúpárè ti ránṣẹ́ pé ọmọ àwọn fẹ́ fẹ́ ọmọ mi, Sátidé tó tẹ̀ lé Tuesday yẹn gan-an ni wọ́n sì dá pé àwọn ó wá mọ̀ wá. Ìyá mi pe àwọn àbúrò bàbá mi jọ. Wọ́n ní kí àbúrò mi sún ọjọ́ Ìbàdàn síwájú. Ẹni tó tọ́ ìyàwó kò gbọdọ̀ má sí nílé lọ́jọ́ tí àna bá wá, tí kò bá sì wà wọn ó bèèrè, tó bá tún wà tòun ti orí fífá àti ojú ìrán lórí rẹ̀, ó burú ju kó má wà lọ. Gbogbo wọn ló ń sọ pé sùúrù, sùúrù, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wá lọ ná. Ọmọ mi jókòó, ó ń wo ilẹ̀. Ó fẹ́ràn ọmọkùnrin yẹn, mo mọ̀.

Ìyá mi wá sọ èyí tó kù: "Ojú kan ṣì wà fún un."

Mo dìde dúró. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, mi ò dìde dúró lé ìyá mi lórí rí. "Màmá," mo ní, "èyí tó lọ yẹn, èmi ni mo jẹ ẹ́. Mi ò ní jẹ èkejì. Tuesday ni wọn ó là á."

Wọ́n ní mo ti ya aláìlójútì. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò bàbá mi ní èmi ni mo máa fi ọmọ ara mi sílé bí ẹrù tí kò tà. Mo ní àwọn ni wọ́n mọ̀ ọ́n tà, mo ní èmi òwú ni mo ń tà.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò wa, ìyá àgbà kan sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ní àwọ̀ òwú kan làwọn ń wá. Ọjà tí irú wọn ń rà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó wá wádìí ìyàwó kì í fi ọwọ́ lásán wọlé. Wọ́n máa ń lọ bá aládùúgbò ni, ṣùgbọ́n ìyá yìí láyà, ọ̀dọ̀ mi gan-an ni wọ́n wá. Wọ́n bèèrè ara ìyá mi, wọ́n yin ọmọ mi, wọ́n tú òwú wò títí. Lẹ́yìn náà wọ́n ní àwọn yà ní Ọ̀kà, àwọn bá ṣọ́ọ̀bù ẹni tó tọ́ ọmọ ní títì, ṣé kò sí o.

Irọ́ náà wà níbẹ̀, ó ti gúnlẹ̀ sí mi lẹ́nu. Ó rìnrìn àjò lọ kí àna rẹ̀ ni. Ó lọ ra aṣọ. Ìrọ̀rùn wà nínú irọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín.

"Kókó ló wà nínú orí rẹ̀, Màmá," mo ní. "Ó máa ń gbé e ṣubú, ó ti fọ́ ojú rẹ̀ kan. Ọ̀la la ń lọ sí Ìbàdàn kí wọ́n lè là á. Wárápá tí ẹ wá bèèrè, ó wà nílé wa."

Wọ́n gbé òwú náà sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n ṣàdúà fún àbúrò mi, mo sì gbà pé inú wọn ni àdúà náà ti wá. Wọ́n gun ọ̀kadà wọn, wọ́n lọ. Ìbàdàn la wà nígbà tí fóònù dún pé àwọn ará Ṣúpárè kírun bi Ọlọ́run léèrè, ìdáhùn tí àwọn rí kò bá ìgbéyàwó náà mu. Ó mà dára o, ẹ jẹ́ ká dì í ru Ọlọ́run. Ọmọ mi tẹ̀ lé wa, ọwọ́ rẹ̀ ni fóònù náà dún sí. Ó jáde, ó pẹ́ níta, ó fọ ojú kó tó wọlé, ó lọ jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì Màmá Ọ̀kà rẹ̀. Kò bá mi sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà òjò ọdún yẹn. Mo jẹ ẹ́, mo sì mọ̀ pé ẹ̀tọ́ mi ni. Bíríkìlà kan láti Ìpè ló fẹ́ ẹ lẹ́yìn-ọ̀-rẹ́yìn. A sọ ti wárápá fún un kó tó jókòó, ó sì ní òun ti gbọ́, ṣé omi mímu wà.

Láti àárọ̀ Tuesday títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì ni wọ́n wà lórí àbúrò mi. Nígbà tó jí dáadáa, dókítà sún mọ́ ọn, ó ní kó sọ ohun tó bá rí. Àbúrò mi la ojú òsì, ó wo ọkùnrin náà títí, ó wá sọ fún un pé bọ́tìnnì kẹta lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, òwú tí wọ́n fi rán an yàtọ̀ sí ti àwọn tó kù. Dókítà wo àyà ara rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọsibítù, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́, kò sì sí ẹni tó lè ní kí n dìde.

Kókó tí wọ́n yọ, àwọn tó ń ṣèwádìí tọrọ rẹ̀. Àbúrò bàbá mi ti fóònù pé ohun tó bá jáde lára ọmọ àwọn, ilé ni kí wọ́n gbé e wá sin. Àbúrò mi ní kí wọ́n máa gbé e lọ, ó ní òun àti ẹ̀ ti jọ gbé tó. Wọ́n wá gbé fọ́ọ̀mù kan wá, nọ́ọ̀sì tó mú wa wá sì ń bá wa kọ ọ́. Ọjọ́ orí, iṣẹ́, ìlú. Ìgbà tí ìṣubú kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ dókítà orí. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè kan pé kí ló fa ìdádúró. Nọ́ọ̀sì ti fi bírò lé ìwé, wọ́n ní owó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ síbẹ̀, ṣé kí àwọn kọ owó.

Mo ní rárá. Owó kọ́. Mo ní, "Ẹ kọ ọ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ purọ́."

Wọ́n gbé bírò sílẹ̀. Wọ́n ní fọ́ọ̀mù náà kò láyè fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kí n má fìyà jẹ ara mi. Mo ní kí wọ́n wá àyè fún un. Àwọn tó fẹ́ mọ ohun tó ń pa wá ló ń bèèrè yìí, tí a bá tún purọ́ fún àwọn náà, kí ni wọ́n fẹ́ fi rí i? Nọ́ọ̀sì tún gbé bírò, wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé níbi tí kò sí ìlà.

Òfin wọn ni pé kí wọ́n ka gbogbo rẹ̀ fún aláìsàn kó tó fọwọ́ sí i. Wọ́n kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ohùn wọn sì rẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀ yẹn. Mo ń dúró kí àbúrò mi ní kí wọ́n pa á rẹ́. Ó ní kí wọ́n tún ibẹ̀ kà. Wọ́n tún un kà. Ó ní òótọ́ ni, ó gba bírò, ó fọwọ́ sí i.